Ọrọọrún Là Ń Dífá Òwò, Kì Í Ṣe Ọdún Márùn-ún

Ìmọ̀ràn kan wà tí kò sí ẹni tó ń ṣòwò kékeré nílẹ̀ Nàìjíríà tí kò tíì gbọ́ ọ. Wọ́n ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n bá pe ìpàdé àwọn oníṣòwò, wọ́n ń sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n ń fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, àwọn agùnbánirọ̀ náà sì ń gbọ́ ọ láti ọdún 2012 tí wọ́n ti fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti òwò ṣíṣe kún ètò NYSC. Ìmọ̀ràn náà ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣòwò kọ́kọ́ jókòó, kó kọ ìwé ètò òwò, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní business plan. Kó kọ iye tí yóò tà lọ́dún kìíní, lọ́dún kejì, títí dé ọdún karùn-ún. Kó kọ èrè tí yóò jẹ. Kó kọ àwọn tí wọ́n jọ ń du oníbàárà àti ọ̀nà tí yóò gbà borí wọn. Wọ́n ní ẹni tí kò bá ṣètò ti ṣètò ìṣubú ara rẹ̀ ná. Bí òwò bá sì dojú dé, kí wọ́n tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n á ti ní àìní ìwé ètò ló pa á.

Mo lòdì sí i. Mi ò sọ pé kí oníṣòwò má ronú, mi ò sì sọ pé kó má kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìwé ètò ọlọ́dún márùn-ún, bí wọ́n ṣe ń kọ́ni tí wọ́n sì ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀, oníbúrẹ́dì, ẹni tó ń sin adìyẹ àti ẹni tó ń ta gàrí, kò ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ṣòwò. Ẹni tó fẹ́ yáni lówó ni ìwé náà wà fún, òun pàápàá kò sì rí òótọ́ kan dì mú nínú rẹ̀. Ó ń jẹ owó àti àkókò ẹni tí kò ní púpọ̀ nínú méjèèjì. Èyí tó dùn mí jù ni pé ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó mọ òwò ju ẹni tó ń yẹ ìwé wọn wò lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rí tó wà nílé, nítorí Nàìjíríà gan-an ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ìjọba Ààrẹ Goodluck Jonathan dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, wọ́n pè é ní YouWiN!. Ìdíje ìwé ètò òwò ni. Àwọn tó kọ̀wé wá jẹ́ 23,844. Wọ́n ṣa 6,000 nínú wọn, wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin kọ́ wọn bí a ti ń kọ ìwé ètò òwò, wọ́n sì ní kí kálukú lọ kọ tirẹ̀ wá. Àwọn ògbóǹtarìgì jókòó ti àwọn ìwé náà, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fún wọn ní máàkì. Ẹni 1,200 ló borí. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lè gbà tó mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà, nígbà tí dọ́là kan kò tíì tó igba náírà. Owó gidi ni.

Ohun tó mú ìdíje yìí yàtọ̀ ni bí wọ́n ṣe yan àwọn tó gbowó. Máàkì ni wọ́n fi yan 480 nínú wọn. Àwọn 720 yòókù, gègé ni wọ́n ṣẹ́: wọ́n kó àwọn tí ìwé wọn ti dára tó láti dé ìpele yẹn pọ̀, wọ́n sì jẹ́ kí oríire kálukú yàn fún un. Nítorí èyí, a ní àwùjọ méjì tó jọra bí ìbejì. Gbogbo wọn ló gba ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin. Gbogbo wọn ló kọ ìwé ètò òwò tí àwọn ògbóǹtarìgì fọwọ́ sí. Àwọn kan rí owó gbà, àwọn kan kò rí. David McKenzie, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Báńkì Àgbáyé, tẹ̀lé àwùjọ méjèèjì, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nínú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dá òwò sílẹ̀, bí a bá mú ọgọ́rùn-ún tó gbowó àti ọgọ́rùn-ún tí kò gbà, àwọn tó ń ṣòwò láàárín àwọn tó gbà fi 37 lé sí ti àwọn tí kò gbà. Láàárín àwọn tó ti ní òwò lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀, àwọn tí òwò wọn ṣì wà láàyè fi 20 lé.

Ẹ dákun, ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Ìwé wà lọ́wọ́ àwùjọ méjèèjì. Ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n jọ gbà. Owó ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

McKenzie kò dá a dúró síbẹ̀. Òun àti Dario Sansone tún padà sídìí ọ̀rọ̀ náà láti béèrè ohun tó yẹ kí gbogbo báńkì ti béèrè tipẹ́: ṣé ẹni tí ìwé rẹ̀ gba máàkì gíga ni òwò rẹ̀ gbèrú jù? Rárá. Máàkì tí àwọn adájọ́ fún ìwé kò bá ohunkóhun tan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Kò bá wíwà láàyè òwò tan, kò bá iye òṣìṣẹ́ tan, kò bá ọjà títà tan, kò bá èrè tan. Àwọn nǹkan díẹ̀ nípa ẹni náà fúnra rẹ̀, bí ọjọ́ orí rẹ̀, làákàyè rẹ̀ àti irú òwò tó yàn, sọ nǹkan díẹ̀ ju máàkì ìwé lọ. Wọ́n tiẹ̀ gbé gbogbo rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà kó fi ọgbọ́n ayé òde òní sọ ẹni tí yóò ṣe rere, kọ̀ǹpútà náà kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan kan rí.

Ẹnì kan lè sọ pé gbogbo wọn ló kọ ìwé, nítorí náà a ò mọ bí wọn ì bá ti ṣe ká ní wọn ò kọ ọ́ rárá. Mo gbà pé ìyẹn jẹ́ ìbéèrè. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá jẹ́ ojú tí òwò fi ń ríran, ó yẹ kí ẹni tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ jù rìn jìnnà ju ẹni tí ojú rẹ̀ ṣú lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí àwọn tí wọ́n sanwó fún láti yẹ ìwé wò kò bá lè fi ìwé mọ ẹni tí yóò rí jẹ, kí ni òṣìṣẹ́ báńkì tó fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣí ìwé yín fẹ́ rí nínú rẹ̀?

Ìdí tí ìwé kò fi lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹ jẹ́ ká ní oníbúrẹ́dì kan wà ní Múṣin, tó kọ ìwé rẹ̀ dáadáa ní oṣù kìíní ọdún 2019, tó fi ọdún márùn-ún ṣe gbèdéke. Àlìkámà tí wọ́n fi ń ṣe ìyẹ̀fun búrẹ́dì, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá, ìyẹn ni pé dọ́là ló ń sọ iye tí yóò ra àpò ìyẹ̀fun kan. Nígbà tó ń kọ ìwé rẹ̀, nǹkan bí 360 náírà ni wọ́n ń ṣẹ́ dọ́là kan lójú pópó. Ìyẹn ló fi ṣírò.

Ọdún kìíní kò tíì parí tí ìjọba fi ti ẹnubodè pa, ní oṣù kẹjọ. Ọdún kejì dé, kòrónà dé: ní 30 oṣù kẹta 2020, wọ́n ní kí gbogbo Èkó jókòó sílé. Oṣù kẹwàá ọdún yẹn kan náà, ìfẹ̀hónúhàn EndSARS, kónílé-ó-gbélé, ilé-ìtajà tó ń jóná. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Rọ́ṣíà gbógun wọ Yukiréènì, orílẹ̀-èdè méjèèjì sì wà lára àwọn tó ń ta àlìkámà fún ayé. Dísù tí kò tó 300 náírà fún lítà kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà kọjá 700 kó tó di oṣù kẹjọ, dísù yìí ló sì ń tan jẹnẹrétọ̀ ilé búrẹ́dì. Àwọn oníbúrẹ́dì daṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún náà láti fi ẹ̀dùn ọkàn wọn hàn. Ọdún karùn-ún ló wá burú jù. Láti oṣù kìíní 2023 títí wọ oṣù kẹta, owó tuntun tí báńkì àpapọ̀ ṣe kò dé ọwọ́ aráàlú, wọ́n sì ti ní owó àtijọ́ kì í ṣe owó mọ́. Ẹni tó fẹ́ ra búrẹ́dì kò rí náírà tí yóò fi rà á. Ní 29 oṣù karùn-ún, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde ní ọjọ́ ìbúra rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Ní oṣù kẹfà, wọ́n tú náírà sílẹ̀ kó wá iye ara rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, dọ́là ti kọjá 900 ní ọjà ìjọba pàápàá.

Èwo nínú gbogbo èyí ni ì bá wà nínú ìwé oníbúrẹ́dì wa? Kò sí ọ̀kan. Ká tiẹ̀ ní ó rí i lójú àlá tó sì kọ ọ́ síbẹ̀, báńkì wo ni yóò yá a lówó? Wọ́n á ní obìnrin yìí kò nígbàgbọ́ nínú òwò ara rẹ̀. Nítorí náà gbogbo ìwé ló máa ń lọ sókè: ọdún kejì ju ọdún kìíní lọ, ọdún kẹta ju ọdún kejì lọ, kò sí ọdún tí nǹkan wó. Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbà á mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. A ti sọ irọ́ tí ènìyàn méjì jọ fọwọ́ sí di àṣẹ fún gbígba ẹ̀yáwó.

Ká wá ní ó gbọ́ràn sí ìwé rẹ̀ lẹ́nu. Ìwé ní kó ra ààrò kejì ní ọdún kejì, kó ra ọkọ̀ akóbúrẹ́dì ní ọdún kẹta. Bí ó bá fi ẹ̀yáwó rà wọ́n, gbèsè ni yóò gbé wọnú ọdún 2022. Àwọn oníbúrẹ́dì tó là á já kì í ṣe àwọn tó tẹ̀lé ìwé. Àwọn tó dín ìwọ̀n búrẹ́dì kù lọ́sẹ̀ tí ìyẹ̀fun gbówó lórí ni, àwọn tó padà sórí ààrò onígi nígbà tí dísù di wúrà, àwọn tó fi ṣinṣín àti bọ́nsì kún un nítorí pé òǹrajà tí kò lè ra odindi búrẹ́dì ṣì lè ra bọ́nsì kan. Ìpinnu ọ̀sẹ̀ ni gbogbo wọn, àwọn mìíràn jẹ́ ìpinnu òwúrọ̀.

Àwọn baba wa ti mọ èyí. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí babaláwo fi ń dífá ọrọọrún. Wọn kò ní kó dá a lẹ́ẹ̀kan kó lọ sùn fún ọdún márùn-ún. Ọjọ́ ọjà wọn náà, ọrọọrún ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, ẹni tó bá sì ti ọjà bọ̀ yóò jókòó sídìí igbá rẹ̀, yóò ka owó, yóò wo ohun tó kù, yóò sì mọ ohun tí yóò gbé lọ lọ́rún tó ń bọ̀. Ètò nìyẹn. Ètò tó ń tún ara rẹ̀ ṣe kí àdánù tó wọlé.

Ibi tí ìwé ọlọ́dún márùn-ún ti ń ṣe oníṣòwò ní jàǹbá jù ni ọ̀rọ̀ èrè, mo sì fẹ́ kí a farabalẹ̀ wò ó. Nínú ìwé, èrè ni kí a yọ iye tí o ra ọjà kúrò nínú iye tí o tà á. O rà á ní 10,000 náírà, o tà á ní 12,000, èrè rẹ jẹ́ 2,000. Ìwé yóò sọ ọ́ di púpọ̀ lóṣù, yóò sọ ọ́ di ọrọ̀ lọ́dún karùn-ún. Ṣùgbọ́n o padà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń kó ọjà fún ọ, ó ní 13,000 ni báyìí. Èrè dà? Gbogbo 12,000 tó wà lọ́wọ́ rẹ kò lè ra ọjà tí o tà padà. Bí o bá ti fi 2,000 yẹn sanwó iléèwé ọmọ, ojú owó rẹ lo ń jẹ, ìwé sì ń kí ọ kú oríire. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, ọ̀wọ́ngógó ọjà tí àjọ ìṣirò orílẹ̀-èdè wa kéde ju ìdá 34 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fi iye tó ra ọjà ṣe ìṣirò èrè yóò máa jèrè lórí ìwé títí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ yóò fi ṣófo.

Ìyá ọlọ́jà tí kò lọ iléèwé òwò kankan mọ èyí dájú. Láàárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó ti pe ẹni tó ń tà fún un lórí fóònù: “Ẹ káàárọ̀ o, Alhaja, èló lẹ ń gbé àpò kan lónìí?” Iye tó bá gbọ́ ló fi ń dá iye lé ọjà tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Oníbàárà á bínú sí i: “Ìyá, ọjà tẹ́ ẹ ti rà tẹ́lẹ̀ náà lẹ tún gbówó lé!” Wọ́n á pè é ní ìkà àti ọ̀kánjúwà. Kì í ṣe ìkà. Ó ń ṣírò iye tí yóò fi ra òmíràn ni, ìṣirò yẹn nìkan ló sì lè jẹ́ kó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń dá ìyá yìí lẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ìsọ̀ rẹ̀ kí wọ́n gbọ́ ìpè yẹn.

Ẹ bi ara yín léèrè pé ta ló ń kọ àwọn ìwé ètò òwò yìí gan-an. Ẹni tó bá ti rìn mọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó rí mọ ìdáhùn. Oníṣòwò yóò lọ bá ẹnì kan tó ní kọ̀ǹpútà, yóò san owó fún un, onítọ̀hún yóò sì ṣí ìwé tó ti kọ fún ẹni tó ń sin ẹja, yóò yọ ẹja kúrò, yóò fi adìyẹ sí i. Àwọn nọ́ńbà yóò wà bí wọ́n ti wà. Oníṣòwò kò ní lè sọ bí wọ́n ṣe dé 40 nínú ọgọ́rùn-ún tó wà níwájú èrè rẹ̀, nítorí kì í ṣe òun ló ṣírò rẹ̀. Yóò kó ìwé náà lọ, wọ́n á gbà á tàbí wọn ò ní gbà á, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tí yóò tún ṣí i. Owó tó fi san ẹni tó kọ ọ́ ì bá ti ra àpò gàrí.

Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Obìnrin tó ń ṣe àdìrẹ ní Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, ọkùnrin tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn, ẹni tó ń ta ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà n'Íbàdàn: ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn oṣù tí ọjà ń yá, ẹni tó ń san gbèsè àti ẹni tí kì í san, bí òjò ṣe ń sọ owó ọkọ̀ láti òkè Ọya di nǹkan mìíràn. Wọ́n á sọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ wọn kò ní wúlò lójú ẹni tó ń yáni lówó àfi bí ẹnì kan bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì, tó tò ó sínú àpótí tí wọ́n yà sí ojú ìwé. Ọmọ yunifásítì tí kò tíì ta àbẹ́là kan rí nígbèésí ayé rẹ̀ yóò kọ tirẹ̀ tó dán gbinrin. Ta ni wọ́n máa fún lówó?

Ẹ̀kọ́ wo ló wá ń ṣe oníṣòwò láǹfààní? Ní Lomé, olú-ìlú Tógò, àwọn onímọ̀ kan, tí Francisco Campos àti Michael Frese wà lára wọn, kó oníṣòwò kéékèèké 1,500 jọ. Wọ́n pín wọn sí mẹ́ta, 500 ní apá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ apá kan ní ẹ̀kọ́ òwò tí gbogbo wa mọ̀: ìṣirò owó, ìpolówó ọjà, ìṣàkóso òṣìṣẹ́ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n kọ́ apá kejì ní àtinúdá: kí ènìyàn má dúró de ẹni tí yóò sọ fún un, kó wá ohun tí aládùúgbò rẹ̀ kò tíì máa ṣe, kó máa fojú sílẹ̀ fún ewu àti àǹfààní, kó má juwọ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà kan bá dí. Wọn kò kọ́ apá kẹta ní nǹkan kan. Ìwé ìròyìn Science tẹ àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2017. Èrè àwọn tó kọ́ àtinúdá fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn kò kọ́ lọ. Ti àwọn tó gba ẹ̀kọ́ òwò àtijọ́ fi 11 lé, èyí sì kéré débi pé ìṣirò kò lè mú un dá wa lójú pé kì í ṣe kòńgẹ́ lásán.

Ètò ṣíṣe wà nínú ẹ̀kọ́ àtinúdá yẹn pẹ̀lú, mi ò ní fi pamọ́. Ètò ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe ni, àti ohun tí yóò ṣe bí kò bá rí bó ti rò. Kì í ṣe àsọtẹ́lẹ̀ iye tí yóò wà nínú àpò rẹ̀ ní ọdún karùn-ún. Saras Sarasvathy, ọ̀jọ̀gbọ́n tó kọ̀wé lọ́dún 2001 nípa bí àwọn àgbà oníṣòwò ṣe ń ronú, sọ nǹkan tó sún mọ́ ọn: wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí èrè tí wọ́n retí, ohun tó wà lọ́wọ́ wọn àti ìwọ̀n àdánù tí wọ́n lè gbà mọ́ra ni wọ́n ń wò ná.

Ẹni tó bá ti kọ́ṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá kò ní ṣe háà sí èyí. Ẹ wo bí télọ̀ ṣe ń dá dúró. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó mọ iye tí òwú àti aṣọ ìtẹ́nú ń jẹ, ó mọ oníbàárà tó máa ń ní “Mò ń bọ̀ wá san án”. Ó gba fírídọ́ọ̀mù. Kò lọ gba ṣọ́ọ̀bù lójú títì lọ́jọ́ kejì. Ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kan sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ránṣọ fún àwọn ará àdúgbò. Nígbà tí aṣọ ẹbí bá dé tí ọwọ́ rẹ̀ kò ká a mọ́ ni yóò ra ẹ̀rọ kejì. Bó bá kùnà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì wà. Àdánù rẹ̀ kò lè lé e kúrò nílùú.

Àjọ àti èsúsú ńkọ́? Samuel Johnson ti kọ nípa èsúsú nínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí lọ́dún 1897, èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún 1921. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, ní Trinidad wọ́n ṣì ń dá a títí dòní, susu ni wọ́n ń pè é. Káàdì alájọ tí ìyá kan ti ń dá 1,000 náírà lójoojúmọ́ fún ọdún méjì jẹ́ ẹ̀rí tí ìwé ètò òwò kankan kò lè fúnni. Ó sọ ohun tí ìyá náà rí ṣẹ́ kù lójúmọ́, ní ọjọ́ tí òjò rọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí owó wọ́n, nígbà tí ọmọ ṣàìsàn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni. Orí Alájọ Ṣómólú, Alphaeus Taiwo Olunaike, tó kú lọ́dún 2012, wọ inú òwe Yorùbá nítorí pé ó ta mọ́tò, ó ra kẹ̀kẹ́. Lójú ẹni tó ń kọ ìwé ètò, ìfàsẹ́yìn gbáà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ ló lè wọ àwọn ọ̀nà tóóró tí oníbàárà rẹ̀ wà, oníbàárà yẹn ló sì ń fún un lówó.

Àwọn tó ń gbèjà ìwé ètò ní ọ̀rọ̀ kan tó wúwo, mi ò ní fò ó dá. Wọ́n ní àìlétò ń pa òwò wa, òótọ́ sì ni. Ènìyàn ń fi owó ṣọ́ọ̀bù sìnkú. Wọ́n ń tà á láwìn fún ẹbí títí ojú owó yóò fi tán. Owó ilé àti owó òwò wà nínú àpò kan náà, kò sí ẹni tó mọ èyí tó ń jẹ èkejì. Ṣùgbọ́n èwo nínú àrùn wọ̀nyí ni àsọtẹ́lẹ̀ ọdún karùn-ún wò sàn? Ìwé tó ń wo irú àrùn bẹ́ẹ̀ ni ìwé owó tó wọlé àti owó tó jáde, tí a ń kọ lálaalẹ́, ní èdè tí oníṣòwò ń sọ. Ìwé àwìn, tí orúkọ àti ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Àpò méjì, ọ̀kan fún ilé, ọ̀kan fún ọjà. Ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ láti béèrè ohun tó ń tà, ohun tó dúró, àti iye tí yóò fi ra òmíràn. Bí àwọn tó ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá fi ọjọ́ mẹ́rin wọn kọ́ni ní èyí, màá wà lára àwọn tí yóò máa polówó wọn.

Mo tún gbà pé ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-iṣẹ́ omi tí NAFDAC yóò wá yẹ̀ wò, tàbí tó fẹ́ fi ẹ̀yáwó ra ẹ̀rọ tí yóò san owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, gbọ́dọ̀ ṣírò rẹ̀ dáadáa sórí ìwé. Àwọn méjì tó fẹ́ pa owó pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ àdéhùn. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí a máa béèrè ìwé ojú ewé 30 lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ yá 300,000 náírà kún owó gàrí.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àwọn báńkì kéékèèké àti àwọn àjọ ìjọba tó ń yáni lówó kò ṣòro. Kí wọ́n pa ìwé ètò òwò rẹ́ nínú ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí owó tó fẹ́ yá kò pọ̀. Kí wọ́n gba káàdì àjọ, kí wọ́n gba àkọsílẹ̀ owó tó wọlé lórí POS àti èyí tó gba orí fóònù wọlé, kí wọ́n rán ènìyàn lọ sí ìsọ̀ ní ọjọ́ ọjà kó wo bí ọjà ṣe ń lọ, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ ní Yorùbá, ní Haúsá, ní Ígbò. Kí wọ́n yá a ní díẹ̀ ná fún oṣù mẹ́ta. Bó bá san án, kí wọ́n ṣe é ní ìlọ́po méjì. Kí wọ́n má fi ìdókòwò ọdún kejì de ẹni tí kò tíì mọ bí oṣù tó ń bọ̀ yóò ti rí. Owó ìrànwọ́ tí a kì í san padà ńkọ́? Kí wọ́n yẹ àwọn tó wá wò láti mọ̀ pé òwò wọn wà lóòótọ́. Bí àwọn tó yẹ bá wá pọ̀ ju owó tó wà nílẹ̀ lọ, kí wọ́n pe gbogbo wọn jọ síbi kan, kí wọ́n ṣẹ́ gègé lójú gbogbo ènìyàn, bí wọ́n ti ṣe fún àwọn 720 yẹn.